Òkúta Tó Jáde Láì Ṣí Ilẹ̀kùn

Iná-ò-jó-mi ní lọ́jọ́ kan báyìí, òun gbé òkúta dáyámọ́ǹdì tó tó orí ewúrẹ́ sínú iná, òun sì ń koná mọ́ ọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní iná náà jó, ó jó, ó làágùn, ó rẹ iná, iná wá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, bùn mí lómi mu." Ó ní nígbà tí òun máa fi gbé òkúta náà jáde, òtútù ló ń mú un, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, òun ló bọ́ ẹ̀wù ọrùn òun bò ó.

"Ẹ̀wù wo?" Ìyá Kíni-Ìdí béèrè.

"Aláwọ̀ aró," ó dáhùn, kò ṣẹ́jú. "Ó ṣì wà nílé. Ibi tí òkúta yẹn ti fara kàn án, abẹ́rẹ́ ò wọ ibẹ̀ títí dòní."

Bí irọ́ bá ṣe é gùn bí ẹṣin ni, ọkùnrin yìí ì bá ti yí ayé ká lẹ́ẹ̀meje kí àwọn ẹlòmíràn tó jí bọ́jú. Òun ló ń mójú tó iná nílé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan: tí òrùka bá já, òun ní í jó o pọ̀, tí ẹ̀gbà ọrùn bá já, ọwọ́ rẹ̀ ní í bọ́ sí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpá iná tó wà lápá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ débi pé téèyàn bá wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, á rò pé ẹ̀wù alápá gígùn ló wọ̀.

Ìyá Kíni-Ìdí ní tirẹ̀, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Kẹ́mísìrì ló kà nílé ẹ̀kọ́ gíga kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù tipẹ́. Ọkọ rẹ̀ kì í sọ fún un mọ́ pé òjò fẹ́ rọ̀, torí tó bá sọ ọ́, òjò á rọ̀, á dá, ilẹ̀ á gbẹ, wọn ò ní tíì parí ọ̀rọ̀ ìdí tí òjò fi ń rọ̀.

Òrùka kan ló wà lórí tábìlì ilé iṣẹ́ náà, láàárín àwọn méjèèjì. Òrùka opó kan ni. Ìka opó náà wú, ó ní kí wọ́n bá òun fẹ òrùka náà sí i. Iná-ò-jó-mi gé e, ó fi wúrà díẹ̀ kún un, ó fi iná jó o pọ̀, ó wé e sínú àkísà, ó gbé e fún obìnrin tó ń dán nǹkan nílé iṣẹ́ náà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Onídídán. Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa fi lọ gba òrùka lọ́wọ́ ìyá yìí, òrùka wà níbẹ̀, dáyámọ́ǹdì orí rẹ̀ ti di àwátì. Wọ́n tú ilé iṣẹ́ palẹ̀. Wọ́n fi ajọ̀ jọ̀ eruku ilẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ la ẹnu ológbò ibẹ̀ wò, ológbò náà ò sì dárí jì wọ́n títí dòní. Kò sí òkúta. Àwọn ọlọ́pàá bá gbé Ìyá Onídídán, torí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá òrùka.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ilé-ẹjọ́ máa wá gbé e. Ẹni tí ọkọ̀ yẹn bá gbé lórí ọ̀rọ̀ olè, tí ohun tó sọnù ò sì jáde, irun orí rẹ̀ máa ń funfun kó tó padà rí ìta. Irun Ìyá Onídídán sì ti funfun ná.

"Nígbà tó o gbé òrùka yìí fún un, òkúta wà lórí ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi."

"Iná ò bà á jẹ́?"

Iná-ò-jó-mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi léèrè bóyá ẹja lè kú sómi. "Iná wo? Ọmọ iná ni dáyámọ́ǹdì, inú iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti wá. Ṣé ẹ tíì rí ìyá tó pa ọmọ rẹ̀ jẹ?"

Ìyá Kíni-Ìdí fa òrùka náà sún mọ́ra. Kó tó dé ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Ìyá Onídídán ni àbúrò ìyá Iná-ò-jó-mi. Ìyá tó bí ọkùnrin yìí kú nígbà tó ṣì ń rá, ẹ̀yìn àbúrò ìyá yìí ló dàgbà sí, òun náà ló sì mú un wá sídìí iṣẹ́ wúrà. Látìgbà tí wọ́n ti ti obìnrin náà mọ́lé, ọmọ ò tíì fẹsẹ̀ kan débẹ̀.

Ìyá Kíni-Ìdí gbé awò sójú, ó tẹjú mọ́ òrùka. Èékánná wúrà mẹ́rin ló di òkúta mú tẹ́lẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì tẹ̀ wọnú, wọ́n wà bí ọwọ́ tó di nǹkan mú gírígírí, nǹkan ọ̀hún ni ò sí. Kò sí èyí tí wọ́n ká sókè nínú wọn, kò sí ibi tí irin ti ha á. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kan tí kò tóbi ju òkúta tó sọnù lọ, ó fẹ́ tì í wọ àárín wọn. Kò wọlé.

Ohun tí ò lè gba ibẹ̀ wọlé, báwo ló ṣe gba ibẹ̀ jáde? Olè tó wọlé láì ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ti gbọ́ ọ rí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ẹlẹ́wọ̀n tó jáde, tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì pa lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ló le.

*

Lójú ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ẹjọ́ náà ti parí. Ó na épírọ́ọ̀nù kan sórí tábìlì bí ẹni tó na awọ ẹkùn tó dá nìkan pa.

"Màdáàmù, ẹ wá wo dáyámọ́ǹdì yín."

Épírọ́ọ̀nù Ìyá Onídídán ni. Iwájú rẹ̀ kún fún eruku dúdú kan tó ń dán yinrin. Ọ̀gá ní gbogbo rẹ̀ ti yé òun: ìyá náà lọ òkúta kúnná bí àtíkè, kó lè máa fi ara gbé e jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní nígbà tí èrò yìí wọ orí òun, òun fúnra òun dìde, òun bọ ara òun lọ́wọ́.

"Kí ni ìdí tó fi dúdú?"

"Ó ti dọ̀tí ni."

Ìyá Kíni-Ìdí fi ìka bu díẹ̀, ó fà á sórí ìwé funfun. Ilà dúdú jáde. Ó yọ pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí ọ̀gá, ó fa ilà mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ èwo ni èwo, àfi kó jẹ́ àǹjọ̀nnú.

"Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ wúrà ló ń ṣí sí i lára, ọ̀gá. Ohun tó wà nínú pẹ́ńsù yín náà ló wà lára ìkòkò yẹn, gíráfáìtì. Kì í ṣe dáyámọ́ǹdì. Ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n."

"Ẹbí báwo?"

"Ọmọ ìyá kan náà. Kábọ́ọ̀nù ni àwọn méjèèjì, ohun tó wà nínú èédú. Bí wọ́n ṣe dira wọn mú ló yàtọ̀."

Ọ̀gá ní tí pẹ́ńsù àti dáyámọ́ǹdì bá jẹ́ ọmọ ìyá, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òṣùpá lòun. Ìyá Kíni-Ìdí ní kó fojú inú wo ẹnìkan tó ní ọwọ́ mẹ́rin.

"Ọlọ́pàá gidi nìyẹn," ọ̀gá wí.

"Bí kábọ́ọ̀nù ṣe rí nìyẹn. Tí ọ̀kan bá na ọwọ́ kan, ẹnìkejì ẹ̀ á na ọwọ́ kan, wọ́n á dira wọn mú. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mò ń pè lọ́wọ́. Èyí mú ọ̀kan wá, èyí mú ọ̀kan wá, wọ́n jọ ń lo méjèèjì. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sẹ́ni tó fi tọrẹ. Àjọni ni."

"Bí ìgbéyàwó."

"Ó le ju ìgbéyàwó lọ, ọ̀gá. Nínú dáyámọ́ǹdì, ẹnì kọ̀ọ̀kan di ẹni mẹ́rin mú, àwọn mẹ́rin yẹn náà di ẹni mẹ́rin mẹ́rin mú, gbogbo wọn há mọ́ra wọn yíká, lókè nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè lọ̀ ọ́, àfi dáyámọ́ǹdì bíi tiẹ̀. Àkísà tí ìyá yẹn fi ń dán òrùka ò lè rí i gbé ṣe. Ti inú pẹ́ńsù, ẹni mẹ́ta mẹ́ta péré ni wọ́n dì mú dáadáa, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ọwọ́ kẹrin ò ní ẹnìkan pàtó tó dì mú. Ẹní wá ń sùn lórí ẹní, wọn ò so mọ́ra. Tí ẹ bá fi kọ̀wé, ẹní ló ń yọ̀ kúrò lórí ẹní, tó ń sùn sórí ìwé yín."

Ọ̀gá gba pẹ́ńsù rẹ̀ padà, ó wò ó tìfuratìfura, kò tún fi há etí mọ́. Ó ní ó dáa, eruku yẹn kì í ṣe òkúta. Ṣùgbọ́n pé eruku kì í ṣe òkúta ò sọ pé ìyá kì í ṣe olè. Kí òkúta wà lórí tábìlì òun kí ọkọ̀ ilé-ẹjọ́ tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá ń lọ.

Ìyá Kíni-Ìdí lọ bá a nínú àhámọ́. Ilẹ̀ ni Ìyá Onídídán jókòó sí, ó fi etí aṣọ rẹ̀ ń nu ọ̀kan nínú àwọn irin ojú àhámọ́ náà. Irin tó kù ti dógùn-ún pátápátá. Ọ̀kan yìí ń dán débi téèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ó béèrè bí wọ́n ṣe wé òrùka náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè bóyá àlejò kan wọlé lọ́jọ́ náà. Ohun kan náà ni ìyá ń fi dáhùn gbogbo rẹ̀: ọwọ́ òun ni wọ́n ti bá a. Níkẹyìn ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, nígbà tí ẹ tú àkísà yẹn, ṣé òkúta wà níbẹ̀?"

Ọwọ́ tó ń nu irin dúró.

"Ọwọ́ mi ni wọ́n ti bá a, ọmọ mi." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní, "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ta ni?"

Ìyá ti kọjú sí irin mìíràn.

Ẹni tó bá jalè á ní òun ò jalè. Ẹni tí ò jalè náà á ní òun ò jalè. Ẹni tí kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ó ń fi ara rẹ̀ bo ẹlòmíràn ni. Ìyá Kíni-Ìdí mọ ìyẹn dájú bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ ò ṣílẹ̀kùn àhámọ́.

*

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ì bá mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn: kó jẹ́ pé òkúta ọ̀hún kì í ṣe dáyámọ́ǹdì rárá. Tó bá jẹ́ gíláàsì ni, iná á yọ́ ọ, á kán sílẹ̀ tó-tó, kò ní sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gba ilé opó lọ, ó ń gbàdúrà lọ́nà pé kí olóògbé ọkọ opó náà ti jẹ́ ahun.

Opó náà ò bínú sí ìbéèrè rẹ̀. Ó mú un wọ yàrá, ó ṣí aṣọ fèrèsé. Lójú gíláàsì níbẹ̀, ilà tín-ín-rín kan wà tó gùn tó ìka, ó wọlé jinlẹ̀.

"Ọjọ́ tí ọkọ mi fún mi ló fi òkúta orí ẹ̀ fà á," opó wí. "Ó ní kí n má bàa rò pé ìgò lòun rà fún mi."

Ó fi ìka rẹ̀ tó wú yẹn tọ ilà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń tọ ojú ọ̀nà ilé. Gíláàsì kì í gé gíláàsì báyẹn. Dáyámọ́ǹdì ni, kò sí àní-àní.

"Ṣé ẹ máa rí i?"

Ó wá kan Ìyá Kíni-Ìdí, tó ti bi gbogbo ayé léèrè ọ̀rọ̀, láti dáhùn. Ó ní òun ń bọ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó padà sílé iṣẹ́. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà kó gbogbo òrùka olókùúta tí Iná-ò-jó-mi ti fi iná jó láìpẹ́ jáde, àwọn tí wọn ò tíì dán. Gbogbo wọn ni ohun kan bí awọ gíláàsì bò lára, òkúta àti wúrà. Ti opó nìkan ni ò ní in. Tirẹ̀ kàn dúdú lásán, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Kí ni awọ yìí?"

Alágbẹ̀dẹ ní ìyẹ̀fun funfun kan ni, wọ́n máa ń fi sìpírítì pò ó, wọ́n á fi òrùka bọ̀ ọ́ kí iná tó kàn án. Kò sí oníṣẹ́ wúrà tó máa fi iná kan dáyámọ́ǹdì láì fi ìyẹ̀fun bò ó. Ó ní Ìyá Onídídán gan-an ló kọ́ Iná-ò-jó-mi, àní ó máa ń nà án lọ́wọ́ tó bá gbàgbé.

"Kí ni ìdí?"

"Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni. Kí afẹ́fẹ́ má bàa kàn án."

Ó béèrè agolo ìyẹ̀fun. Tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Alágbẹ̀dẹ yún orí, ó ní ti tẹ́lẹ̀ tán lọ́jọ́ tí òrùka opó wà lórí iná, wọn ò sì rí òmíràn rà títí di ọjọ́ kejì.

Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló fi ẹ̀rín parí ìyókù. Ó ní lọ́jọ́ náà, Iná-ò-jó-mi wá yá sílíńdà ọ́síjìn òun, ó ní iná ilé iṣẹ́ àwọn ń ṣe bí arúgbó, òun fẹ́ fi ti wẹ́dà jó òrùka kan kí itọ́ òun tó gbẹ nílẹ̀.

Ìyá Kíni-Ìdí dúró sáàárín agbo ilé, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Wàyí o, gbogbo rẹ̀ ti so pọ̀, ó sì wù ú kó má so pọ̀.

*

"Afẹ́fẹ́?" ọ̀gá àgọ́ wí.

"Ó jóná, ọ̀gá. Òtítọ́ ni pé iná nìkan ò lè rí i gbé ṣe bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí dáyámọ́ǹdì bá gbóná janjan, tí ọ́síjìn tó mọ́ gaara sì ń fẹ́ lù ú, á gbiná kí wúrà tó yọ́. Ọ́síjìn ní ọwọ́ méjì méjì. Méjì nínú wọn á wá bá kábọ́ọ̀nù kan, èyí á gba ọwọ́ rẹ̀ méjì, èyí á gba méjì. Ọwọ́ mẹ́rin ti tán. Kò sí èyí tó kù tó máa fi di ará ilé rẹ̀ mú. Ó jáwọ́ nìyẹn, ó bá wọn lọ, ó di afẹ́fẹ́ irú èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta yìí. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí tí èékánná mẹ́rin yẹn fi di òfo mú. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó. Kì í ṣe òmùgọ̀, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gbà. Ìyẹn ló tún burú jù.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ n bi yín. Tí adájọ́ bá ní òkúta dà, ṣé kí n mí sí i lójú?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀.

"Ẹni tó jó o ò jẹ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ ẹ̀ ò sẹ́. Ohun tó sọnù ti di èémí." Ó dìde. "Ọkọ̀ ti dé. Tí ẹ bá fẹ́, a ó gba ilé iṣẹ́ wọn kọjá lọ. Tí ẹnu ọmọ yẹn bá jẹ́wọ́ níṣojú mi, kí n rí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má dá mi dúró."

*

Ọkọ̀ ilé-ẹjọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ráhùn. Ọlọ́pàá méjì mú Ìyá Onídídán wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Iná-ò-jó-mi rí i, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ já, ó tún sáré so ó padà.

Ìyá Kíni-Ìdí ti gba kálámù tí àwọn agégíláàsì fi ń gé gíláàsì, ó ti ní kí alágbẹ̀dẹ yọ dáyámọ́ǹdì bíńtín tó wà lẹ́nu rẹ̀, kó há a sórí òrùka aláìníláárí kan. Sílíńdà wẹ́dà wà nílẹ̀. Ó ní kí Iná-ò-jó-mi fi han ọ̀gá ọlọ́pàá bí iná ò ṣe lè mú òkúta.

Ọkùnrin náà tan páìpù iná. Gbogbo ojú ń wò ó, ohun tó sì fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, torí ọjọ́ tí òun tan iná yìí kẹ́yìn, ẹyẹ tó ń kọjá lókè sọ̀ kalẹ̀ ní dídín. Àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ òsì ń dá lọ fúnra rẹ̀, ó ṣí agolo, ó fẹ́ fi òrùka bọ inú ìyẹ̀fun.

"Kí nìyẹn fún?" Ìyá Kíni-Ìdí bi í.

Ọwọ́ náà dúró sófuurufú. "Ọ̀ṣọ́ lásán."

"Má wulẹ̀ fi sí i, nígbà náà. Ṣebí ọmọ iná ni."

Kò fi sí i. Kò sì fi iná sí i. Ó wo àbúrò ìyá rẹ̀, ìyá náà ń wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá Kíni-Ìdí ti yí sí ọ̀gá, ó sọ̀rọ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú. Ó ní kí wọ́n má yọ ọkùnrin náà lẹ́nu, kò tíì rí dáyámọ́ǹdì tó ń jó rí láyé rẹ̀, irọ́ ni gbogbo ìtàn iná tó ń sọ. Ó ní tó bá tiẹ̀ jó, kò sí nǹkan ìran níbẹ̀. Á kàn pọ́n díẹ̀ bí èédú, á rú èéfín, á fi eérú sílẹ̀.

Wọ́n lè pe Iná-ò-jó-mi lólè kó gbà. Kí wọ́n ní kò rí ìran rí, ìyẹn ò ṣe é gbé mì.

"Ó pọ́n bí èédú? Ta ló sọ fún yín?" Ó gbé páìpù iná sókè. "Èéfín wo, eérú wo? Funfun ni, funfun gbòò, bí oòrùn méje tó ń jìjàkadì. Mo ní mo gbé iná kúrò lórí ẹ̀, kò kú! Ọ́síjìn nìkan ló ń fẹ́ sí i, ó ń dá jó fúnra rẹ̀. Mi ò lè wò ó. Mo fọwọ́ bojú, mo ṣì ń rí i láàárín egungun ọwọ́ mi. Ó ń tàn, ó ń kéré, ó ń tàn, ó ń kéré, títí..."

Páìpù iná ń súfèé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Títí kí ni?" Ìyá Kíni-Ìdí béèrè, ohùn rẹ̀ ò le.

Látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, èyí nìkan ni òtítọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ ìyá tó tọ́ ọ. Ó sọ páìpù sílẹ̀, ó fò kọjá lórí sílíńdà, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bàtà rẹ̀ kan há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi í sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ta lé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fo ògiri, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì, ó ń pariwo, "Olè! Olè ń lọ níwájú! Ẹ bá mi mú un!" Àwọn tó ń ta ọjà jáde. Àwọn tó ń gẹ irun fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní àbọ̀. Wọ́n là fún un, wọ́n ń nawọ́ síbi tí olè gbà, wọ́n bá a sáré. Kò pẹ́ tí òpópó náà fi kún dẹ́múdẹ́mú, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń lé àti ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀gá àgọ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka.

"Mo gbọ́ ohun tó wí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kan náà ló sọ fún yín pé iná bẹ̀bẹ̀ omi, tó ní ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀ ní dídín. Níwájú àwọn èèyàn mi ló wí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Adájọ́ wo ló máa ṣa ẹyọ òtítọ́ kan nínú ìyẹn?"

Ìyá Kíni-Ìdí mọ̀ pé ó tọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Onídídán, ó ní kó ṣàánú ara rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni, kó sọ fún ọ̀gá pé nígbà tí òun tú àkísà, òkúta ò sí níbẹ̀.

Ìyá ò wo ojú rẹ̀. Bàtà yẹn ló ń wò. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dè pọ̀, ó gbé e, ó fi etí aṣọ nu eruku orí rẹ̀, ó nu ẹ̀gbẹ́, ó nu ìdí, ó ń nu ún títí awọ ògbólógbòó náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Lẹ́yìn náà ló gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kọjú imú rẹ̀ sínú ilé, bí wọ́n ṣe ń tò ó fún ẹni tó máa padà wọlé.

"Ọwọ́ mi ni wọ́n ti bá a," ó ní.

Wọ́n mú un gun ọkọ̀. Lókèèrè, gbogbo àdúgbò ṣì ń sáré, wọ́n ń pariwo olè, olè, wọ́n ń lé ẹni tí kò sí níwájú, Iná-ò-jó-mi sì wà láàárín wọn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.